Orúkọ Tí Kò Gbọdọ̀ Dákẹ́: Iṣẹ́ Ìtúnṣe Macro Nínú glibc

Nínú gbogbo láíbìrì tí wọ́n fi èdè C kọ, ekukáká ni a fi lè rí èyí tí ẹrù orí rẹ̀ wúwo tó ti glibc. Òun ni láíbìrì C ti GNU, tí Roland McGrath bẹ̀rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1980, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn sì ti ń fọwọ́ kún láti ìgbà náà wá. Lórí Debian, Ubuntu, Fedora àti Red Hat, òun ló dúró láàárín ètò tí a kọ àti kernel Linux, tó ń darí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ètò tó bá fẹ́ ṣí fáìlì, tó bá fẹ́ gba ààyè nínú mẹ́mórì, tó bá fẹ́ mọ aago tó lù, ọwọ́ glibc ni yóò ti gbà á. Àwa Yorùbá náà ní ìpín tiwa nínú rẹ̀: fáìlì kan ń bẹ níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ yo_NG, tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà bí a ṣe ń pe ọjọ́ àti oṣù. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni ẹ̀dà tuntun ń jáde, ní oṣù Kejì àti ní oṣù Kẹjọ.

Bí ẹ̀dà tuntun bá jáde, ohun tí wọ́n fi kún un ni gbogbo ènìyàn máa ń sọ. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ kan sáárá sí níbí kò jẹ mọ́ àfikún. Iṣẹ́ àwọn tó ń jókòó ti macro àtijọ́ ni, tí wọ́n ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń mọ èyí tó yẹ kó lọ, èyí tó yẹ kí a tún ṣe, àti èyí tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ẹni tó bá wo iṣẹ́ náà láti òkèèrè lè rò pé kò ju kí a pa ìlà díẹ̀ rẹ́ lọ. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn yóò rí i pé ọgbọ́n kan ṣoṣo ló so gbogbo rẹ̀ pọ̀: kí kọ̀ǹpútà má ṣe ka ìdákẹ́ sí ìdáhùn.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé ẹni tí kò kọ C rí, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń jẹ́ macro. Nígbà tí Dennis Ritchie ń ṣe èdè C ní Bell Labs, ní ìpínlẹ̀ New Jersey nílẹ̀ Amẹ́ríkà, èdè náà kò ní preprocessor, ìyẹn ètò tó ń tún kóòdù tò kí compiler, tó ń sọ kóòdù di èdè ẹ̀rọ, tó kà á. Láàárín 1972 sí 1973 ni wọ́n fi í kún un, Alan Snyder sì wà lára àwọn tó rọ Ritchie pé kó ṣe bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ méjì péré ló ń ṣe nígbà náà: ó ń kó ohun tó wà nínú fáìlì kan sínú òmíràn, ó sì ń fi ọ̀rọ̀ kan rọ́pò ọ̀rọ̀ mìíràn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń rọ́pò bẹ́ẹ̀ ni macro. Kò pẹ́ tí Mike Lesk, àti John Reiser lẹ́yìn rẹ̀, fi mú un gbòòrò. Ó wá ṣeé ṣe láti fi nǹkan lé macro lọ́wọ́ kó bá wa fi sí àyè rẹ̀. Ó tún ṣeé ṣe láti sọ pé bí nǹkan bá rí báyìí, kí compiler ka apá yìí. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kó má tilẹ̀ mọ̀ pé apá yẹn wà.

Preprocessor kò gbọ́ C. Ó dà bí akọ̀wé tí wọ́n ní kó da ìwé kọ ní èdè tí kò gbọ́, tí wọ́n sì fún un ní àkójọ ọ̀rọ̀ pé níbikíbi tó bá ti rí eléyìí, kó fi tọ̀hún rọ́pò rẹ̀. Kò ní béèrè bóyá ó bójú mu. Bí a bá sọ fún un pé SQUARE(x) ni x*x, tí a wá kọ SQUARE(2+3), 25 ni à ń retí. 2+3*2+3 ni akọ̀wé yóò kọ sílẹ̀. Compiler yóò ṣe ìsọdipúpọ̀ kó tó ṣe àròpọ̀, 11 ni yóò sì gbé lé wa lọ́wọ́. Bí a bá fi àkámọ́ yí x ká, tí a tún fi yí gbogbo rẹ̀ ká, wàhálà yẹn tán, ṣùgbọ́n òmíràn ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀. MAX(a,b) ní láti fi a wé b, kó tó mú èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn sílẹ̀. Bí ohun tí a fi síbẹ̀ bá jẹ́ i++, tó yẹ kó fi ẹyọ kan kún i, méjì lè wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí preprocessor kọ sílẹ̀, kó fi gcc -E wò ó. Ètò tí kò ju ìlà márùn-ún lọ, tó pe stdio.h, yóò di ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìlà lójú rẹ̀.

Kí ló wá dé tí wọ́n fi ń lò ó? Ìdí pọ̀, ó sì fẹsẹ̀ múlẹ̀. glibc gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ lórí x86-64 tó wà nínú ọ̀pọ̀ laptop, lórí ARM, lórí RISC-V, lórí PowerPC, àti lórí s390 tó jẹ́ ti àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá IBM. Ó gbọ́dọ̀ bá kernel tuntun ṣe, kó sì bá ti àtijọ́ ṣe. Ó gbọ́dọ̀ tẹ́ ìwé òfin ISO C lọ́rùn, kó tẹ́ ti POSIX lọ́rùn, kó má sì já àwọn tó kọ́ iṣẹ́ lórí BSD kulẹ̀. Ibi tí ọ̀nà bá ti yà, macro ni wọ́n fi ń sọ ibi tí a ó gbà.

Compiler náà dá sí i. Nígbà kan, fáìlì kan ń bẹ nínú glibc tó ń jẹ́ bits/string2.h. Macro ló kún inú rẹ̀, tí wọ́n ń gbìyànjú láti mú iṣẹ́ bíi dída ọ̀rọ̀ kọ àti fífi ọ̀rọ̀ wé ara wọn yá, kí ètò má baà máa pe function nígbà gbogbo. Ọdún gorí ọdún, GCC, compiler ti GNU, fúnra rẹ̀ mọ iṣẹ́ náà ju macro lọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àwọn macro náà lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tí kò fi sí ohun tó kù tí à bá torí rẹ̀ pa fáìlì náà mọ́. Kò sí ìkankan nínú wọn tí kò ní ìdí lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́. Ìdí ló máa ń kú, macro kì í bá a kú. Ẹnìkan ní láti dìde, kó wádìí pé ìdí ti kú lóòótọ́, kó tó lè yọ macro náà kúrò.

Ṣùgbọ́n ibi tí ewu ti pọ̀ jù lọ ni òfin kékeré kan nínú èdè C. Bí ènìyàn bá kọ #if, tó sì dárúkọ macro kan sí i, preprocessor yóò wo ohun tí orúkọ náà dúró fún. Bí kò bá sí ẹni tó tíì sọ ohun tó dúró fún, kò ní pariwo, kò ní dá iṣẹ́ dúró: òdo ni yóò kà á sí. Ìwé òfin èdè C ló ní kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wò ó bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ká ní ẹ̀rọ kan ní ọ̀nà tó yára láti da ohun tó wà nínú mẹ́mórì kọ. Ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ náà kọ USE_FAST_COPY sínú fáìlì tirẹ̀, ó fi 1 sí i. Nínú fáìlì mìíràn, ẹlòmíràn kọ #if USE_FSAT_COPY. Lẹ́tà méjì péré ló fò lé ara wọn. Compiler kò sọ nǹkan kan. Ètò náà ṣiṣẹ́, gbogbo àyẹ̀wò yege, nítorí pé ọ̀nà tó lọ́ra náà máa ń gbé ìdáhùn tó tọ́ jáde. Kóòdù tó yára náà wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ṣí fáìlì yóò rí i, bẹ́ẹ̀ ni kò sí kọ̀ǹpútà kan lórí ilẹ̀ ayé tó ń lò ó. Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ lè wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Níbí, macro ló dákẹ́, ẹ̀rọ tó yẹ kó jàǹfààní rẹ̀ ló sì ń san gbèsè.

#ifdef kò sàn jù ú lọ. Ohun tí #ifdef ń béèrè ni pé ṣé orúkọ yìí wà àbí kò sí. Bí a bá ṣì í kọ, ìdáhùn rẹ̀ ni pé kò sí, òótọ́ ni ó sì sọ. Kò sí compiler tó lè mọ̀ bóyá a mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ kí orúkọ náà má sí ni, tàbí ọwọ́ ló ṣì wá kọ. Ti #if yàtọ̀ ní ọ̀nà kan: GCC ní ìkìlọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní -Wundef, tó máa ń sọ̀rọ̀ nígbà tí #if bá kan orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò sọ ohun tó dúró fún. Orí ìyàtọ̀ yìí ni àwọn ará glibc dúró lé, láti nǹkan bí 2014. Wọ́n ní láti ìsinsìnyí lọ, kí macro tó ń yan ọ̀nà má ṣe jẹ́ èyí tó wà tàbí tí kò sí mọ́. Kí ó máa wà nígbà gbogbo. Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kó jẹ́ 1. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, kó jẹ́ 0. #if ni kí a fi béèrè rẹ̀, kí -Wundef sì máa ṣọ́ ọ.

Bí a bá ṣí ọ̀kan nínú irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀, ohun tí a ó bá níbẹ̀ lè má ju ìlà mẹ́ta mẹ́rin lọ. Wọ́n pa #ifdef rẹ́, wọ́n fi #if sí ipò rẹ̀. Nínú fáìlì tí gbogbo ẹ̀rọ ń pín lò, wọ́n kọ orúkọ náà, wọ́n fi 0 sí i. Nínú fáìlì ẹ̀rọ tó ní ọ̀nà tirẹ̀, níbi tí wọ́n ti kọ orúkọ lásán tẹ́lẹ̀ láìfi nǹkan kan sí i, wọ́n fi 1 sí i. Bí ẹnìkan bá gbàgbé láti fi 1 yẹn sí i ńkọ́? Kò léwu mọ́. Bí #if bá bá orúkọ tó ṣófo pàdé, compiler yóò kọ̀ jálẹ̀, yóò ní kò sí ohun tí òun fẹ́ ṣírò. Àìka nǹkan sí tó ń kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ ti wá di ohun tí gbogbo ilé gbọ́.

Ọgbọ́n kan wà tí ọlẹ máa ń gbà yẹra fún wàhálà yìí, ó sì yẹ kí a mọ̀ ọ́n. Ènìyàn lè lọ sí ìsàlẹ̀ fáìlì tí gbogbo ẹ̀rọ ń pín, kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí ẹnikẹ́ni kò bá tíì sọ ohun tí orúkọ yìí dúró fún, kó jẹ́ 0. Ìkìlọ̀ -Wundef yóò dákẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àìsàn náà kò sì lọ: ẹ̀rọ tó bá ṣi orúkọ kọ nínú fáìlì tirẹ̀ yóò gba 0 gbogbogbòò, kò sì ní sí ẹni tó mọ̀. Ohun tí àwọn ará glibc fẹ́ràn jù ni kí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní fáìlì kékeré tirẹ̀. Ti gbogbogbòò wà ní sysdeps/generic. Ẹ̀rọ tí ọ̀nà tirẹ̀ bá yàtọ̀ yóò gbé odindi fáìlì tirẹ̀ wá, tó ń jẹ́ orúkọ kan náà. Nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ láíbìrì náà, fáìlì tó bá kọ́kọ́ bọ́ sójú ọ̀nà ni wọ́n ń mú, èyí tó kù kò ní dá sí i. Nítorí náà, ẹ̀rọ tó bá ní òun yóò sọ tẹnu òun gbọ́dọ̀ sọ gbogbo rẹ̀ pátá. Ẹyọ orúkọ kan tó bá fò yóò jẹ yọ. Iṣẹ́ pọ̀ nínú ọ̀nà yìí ju ti ọlẹ lọ, òun nìkan ni kò sì fi ihò sílẹ̀.

Oríṣi kejì tí wọ́n ń tún ṣe ni àwọn macro tí orúkọ wọn fi __ASSUME_ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n wà láti sọ ohun tí láíbìrì lè gbà pé kernel ti ní. Bí kernel bá ti dàgbà tó, láíbìrì yóò pè é tààrà. Bí kò bá dáni lójú, láíbìrì yóò kọ́kọ́ dán an wò. Bí kernel bá dáhùn pé òun kò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, láíbìrì yóò gba ọ̀nà àtijọ́. Ní 2016, ẹ̀dà 2.24 sọ pé lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, kernel tó bá kéré sí 3.2 kò lè bá òun ṣe mọ́. Ní 2017, ẹ̀dà 2.26 sọ ọ́ di ti gbogbo ẹ̀rọ. Linux 3.2 fúnra rẹ̀ ti jáde láti ìbẹ̀rẹ̀ 2012. Gbogbo __ASSUME_ tó ń béèrè ohun tó ti wà nínú 3.2 wá di ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ kò lè yí padà mọ́.

Yíyọ irú wọn kúrò kì í ṣe ọ̀rọ̀ kí a pa ìlà kan rẹ́. Macro lọ, ọ̀nà àtijọ́ tó ń dáàbò bò lọ pẹ̀lú rẹ̀. Bí ọ̀nà àtijọ́ bá lọ, a ó rí i pé ohun kan tó ń rántí bóyá kernel dáhùn tàbí kò dáhùn kò ní iṣẹ́ mọ́. Bí ìyẹn náà bá lọ, fáìlì kan tó wà nítorí rẹ̀ nìkan ti di òkú. Joseph Myers ṣe ọ̀pọ̀ nínú irú iṣẹ́ yìí, ẹni tó bá sì ka àwọn àlàyé tó kọ mọ́ wọn yóò rí bó ṣe ń tọpasẹ̀ nǹkan. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ló rí ìpè kan náà gbà nínú kernel kan náà. Ohun tí x86 ti ní láti ọdún gbọọrọ, ẹ̀rọ mìíràn lè ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i gbà. Ẹni tó bá yọ macro nítorí pé ó ti jẹ́ òótọ́ lórí laptop tirẹ̀ ti ṣe ẹ̀rọ tí kò rí rí léṣe.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé àwọn kò ba nǹkan jẹ́? Apá yìí ló wù mí jù nínú gbogbo rẹ̀. Wọ́n máa ń kọ́ láíbìrì náà kí wọ́n tó ṣe àtúnṣe, wọ́n á tún kọ́ ọ lẹ́yìn àtúnṣe. Wọ́n á yọ gbogbo àkọsílẹ̀ tí àwọn tó ń wá àṣìṣe máa ń lò kúrò nínú méjèèjì, wọ́n á wá fi wọ́n wé ara wọn ní báìtì sí báìtì. Bí ó bá jẹ́ ìtúnṣe lásán ni wọ́n ṣe, méjèèjì gbọ́dọ̀ rí bákan náà. Nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọwọ́, ẹni tó ṣiṣẹ́ a máa fẹ́ kí àyípadà tí òun mú wá hàn síta. Níbí, ẹ̀rí pé iṣẹ́ dára ni pé ohun tó jáde kò yí padà rárá, nígbà tí orísun rẹ̀ mọ́ ju ti àná lọ.

Ohun kan sì máa ń dí ẹ̀rí yìí lọ́wọ́, macro kan náà sì ni: assert, tó ń dá ètò dúró bí ohun tó yẹ kó jẹ́ òótọ́ kò bá rí bẹ́ẹ̀. assert máa ń kọ nọ́ńbà ìlà tó wà sínú láíbìrì, kí ó lè sọ ibi tí nǹkan ti bàjẹ́. Bí a bá pa ìlà mẹ́wàá rẹ́ lókè fáìlì, assert tó wà ní ìlà 240 bọ́ sí ìlà 230, báìtì sì yí padà. Ẹni tó mọ iṣẹ́ kò ní fi ìyẹn pariwo, kò sì ní fojú fò ó. Yóò yẹ̀ ẹ́ wò dájú pé nọ́ńbà ìlà nìkan ló yàtọ̀, yóò sì kọ ọ́ sínú àlàyé rẹ̀ kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ̀. Láti 2016 ni wọ́n tún ti ní ètò kan, build-many-glibcs.py, tó ń kọ́ compiler àti láíbìrì náà fún ọ̀pọ̀ oríṣi ẹ̀rọ lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Ẹni tí kò ní ju laptop x86 kan lọ lè fi rí i pé àtúnṣe òun kò jẹ́ kí ti s390 ṣeé kọ́, kí ẹnikẹ́ni tó ń lo s390 tó gbọ́ nípa rẹ̀.

Títí dé ibi tí mo bá ọ̀rọ̀ dé yìí, macro tó wà nínú ilé ni mò ń sọ. Èyí tó jáde síta nira jù wọ́n lọ, nítorí pé kóòdù ẹlòmíràn ti gbára lé e. Àpẹẹrẹ tó dára jù lọ ni major àti minor. Lórí Linux, dísìkì àti ẹ̀rọ mìíràn tó so mọ́ kọ̀ǹpútà ní nọ́ńbà tó pín sí méjì: major ń sọ irú ẹ̀rọ tó jẹ́, minor ń sọ èwo ni nínú wọn. Dísìkì tó ń jẹ́ /dev/sda, 8 àti 0 ni tirẹ̀. Apá kìíní rẹ̀, sda1, 8 àti 1. Macro ló ń yọ nọ́ńbà méjèèjì jáde. Kò sí ìjà níbẹ̀. Ìjà bẹ̀rẹ̀ nítorí pé sys/types.h ń kó àwọn macro náà wọlé, bẹ́ẹ̀ sì ni fáìlì yẹn máa ń bá ọ̀pọ̀ fáìlì mìíràn wọlé, láìjẹ́ pé olùkọ ètò pè é.

Ẹnìkan ń kọ C++ ní tirẹ̀. Ó fẹ́ tọ́jú nọ́ńbà ẹ̀dà sọ́fítíwíà rẹ̀, ó sì dá class kan sílẹ̀ tó ní major àti minor nínú, bí gbogbo ayé ṣe máa ń pè é. Níwọ̀n ìgbà tí kò bá sí àkámọ́ lẹ́yìn orúkọ náà, preprocessor kò ní dá sí i, nítorí macro tó ń gba nǹkan sọ́wọ́ kì í jí àfi bó bá rí àkámọ́. Lọ́jọ́ tó bá wá kọ major(1), minor(0) láti fún wọn ní ìbẹ̀rẹ̀, preprocessor yóò yí wọn padà lójú ẹsẹ̀. Compiler yóò sọ fún un pé class rẹ̀ kò ní ohun tó ń jẹ́ gnu_dev_major. Ó lè fi ọwọ́ wá gbogbo kóòdù rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀, kò ní rí gnu_dev_major, nítorí òun kọ́ ló kọ ọ́.

Bí àwọn ará glibc ṣe yanjú rẹ̀ fi ìwà wọn hàn. Wọn kò kàn yọ ọ́ lọ́jọ́ kan. Nínú ẹ̀dà 2.25, tó jáde ní oṣù Kejì 2017, ẹni tó bá lo àwọn macro náà láti inú sys/types.h yóò rí ìkìlọ̀. Ìkìlọ̀ náà bá ẹni méjì sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ nọ́ńbà ẹ̀rọ lóòótọ́, ó ní kó lọ pe sys/sysmacros.h fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ ẹ, ó kọ́ ọ bí yóò ṣe mú orúkọ náà kúrò lọ́nà ara rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ 2018, nínú ẹ̀dà 2.28, wọ́n gbé e kúrò nínú sys/types.h pátápátá. Ọdún kan àti ààbọ̀ ni wọ́n fi ké ìbòsí kí wọ́n tó gbé e. Àwọn tó kàn síbẹ̀síbẹ̀ kò ṣàì sí, torí pé kóòdù àtijọ́ pọ̀ nílẹ̀ tí kò ní alágbàtọ́ mọ́, ṣùgbọ́n orúkọ méjì tí gbogbo ènìyàn nílò padà di ti gbogbo ènìyàn.

Nígbà mìíràn, macro kò ní lọ, ìṣesí rẹ̀ ni yóò yí padà. SIGSTKSZ ń sọ bí ààyè tí ètò yóò yà sọ́tọ̀ fún gbígba signal, ìyẹn ìkìlọ̀ tí kernel ń fi ránṣẹ́ sí ètò, ṣe gbọdọ̀ tóbi tó. 8192 ni lórí x86-64 fún ọ̀pọ̀ ọdún, èyí tó kéré jù tó ń jẹ́ MINSIGSTKSZ sì jẹ́ 2048. Nígbà tí AVX-512, àwọn àṣẹ tuntun fún ẹ̀rọ x86, dé pẹ̀lú register ńláńlá rẹ̀, ohun tí kernel ní láti kó pamọ́ kí signal tó wọlé ju 2048 báìtì lọ. Nọ́ńbà tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ ti di irọ́. Láti ẹ̀dà 2.34, ní 2021, ẹni tó bá fi _GNU_SOURCE kọ́ ètò rẹ̀ yóò rí i pé SIGSTKSZ ti di ìbéèrè tí à ń bi ẹ̀rọ lásìkò tí ètò ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ètò tó ti fi SIGSTKSZ ya ààyè tí ìwọ̀n rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti hàn kí ètò tó bẹ̀rẹ̀ ló kọ̀ tí kò ṣeé kọ́ mọ́. Ó dun àwọn tó ni wọ́n, mo sì gbà pé wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Síbẹ̀, ètò tó kọ̀ lójú ẹni tó ń kọ ọ́ sàn ju èyí tó ń ba mẹ́mórì ara rẹ̀ jẹ́ lójú ẹni tó ń lò ó.

Gbogbo èyí lè mú kí ènìyàn rò pé ọ̀tá macro ni wọ́n. Rárá o. errno, tó ń sọ irú àṣìṣe tó ṣẹlẹ̀, macro ni títí di òní: ó ń pe function kan tó mọ ibi tí errno ti thread kọ̀ọ̀kan wà, ìyẹn iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú ètò kan. Nígbà tí thread dé, macro yìí ni kò jẹ́ kí àwọn tó ti kọ errno sínú kóòdù wọn láti ayébáyé ní láti tún un kọ. assert kò lè di function lásán, torí pé ó fẹ́ mọ orúkọ fáìlì àti ìlà tí wọ́n ti pè é, ó sì fẹ́ tẹ ọ̀rọ̀ tí olùkọ kọ jáde bó ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Preprocessor nìkan ló mọ ìyẹn. Èyí tó bá ní iṣẹ́ tí ohun mìíràn kò lè bá a ṣe, wọ́n ń fi í sílẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ yọ ọ́ torí pé ó kórìíra macro yóò bá àtakò pàdé.

Macro tuntun náà ṣì ń wọlé. Ẹ̀dà 2.34 kan náà ló mú _TIME_BITS wá. Lórí ẹ̀rọ bit 32, kíkà aago yóò kún àkúnwọ́sílẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù Kìíní 2038. Ẹni tó bá fi 64 sí _TIME_BITS yóò bọ́ nínú rẹ̀. Ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Bí a bá fi nọ́ńbà tó yàtọ̀ sí 32 tàbí 64 sí i, ìkọ́lé yóò dúró, ìdí rẹ̀ yóò sì hàn. Bí a bá fi 64 sí i lórí ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ láìfi 64 sí _FILE_OFFSET_BITS, yóò tún dúró, yóò sì sọ ohun tó kù tí a kò ṣe. Kò tíì pé, torí pé ẹni tó bá ṣi _TIME_BITS fúnra rẹ̀ kọ nínú ètò tirẹ̀ kò lè rí olùrànlọ́wọ́ nínú glibc. Orúkọ tí a kò pè rí, láíbìrì kò lè mọ̀ pé a fẹ́ pè é. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi macro yìí wé èyí tí wọ́n ń kọ ní ogún ọdún ṣáájú yóò rí i pé àwọn tó kọ ọ́ ti fi ọwọ́ ara wọn tún ti àwọn tó ṣáájú wọn ṣe, wọ́n sì ti kọ́ ọgbọ́n níbẹ̀.